Àṣìṣe Inú Ìwé Olówó

Àwìn kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òṣómàáló, a máa kiri láti ìletò dé ìletò. Wọn a fi aṣọ sílẹ̀ fún oníbàárà, wọn a sì máa padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fi òní dọ́la, oníṣòwò náà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ní lórí òṣòó ni òun yóò ti gba owó òun. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ náà ti jáde wá. Bí òǹkà àwọn méjèèjì kò bá bára mu, àríyànjiyàn dé nìyẹn.

Ní òde òní, ìwé àdéhùn ni ó dúró ní ipò òṣòó. Ẹni tí kò ní owó kẹ̀kẹ́ Márúwá lódindi lè gbà á lọ́wọ́ olówó, kí ó máa fi ṣiṣẹ́, kí ó sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní háyà pọ́ṣéèsì. Títí owó yóò fi pé, olówó ni ó ni kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí àṣìṣe kékeré nínú ìwé rẹ̀ fi lè gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé kan.

Bí a bá mú Lágbájá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ó ní láti san 150,000 náírà lóṣù fún oṣù 24, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,600,000 náírà. Ó ti san ti oṣù 15, owó rẹ̀ sì di 2,250,000 náírà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé olówó gbàgbé láti kọ ti oṣù méjì sílẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, 1,950,000 náírà péré ni Lágbájá san. Ẹni tí kò mọ òfin yóò rò pé 300,000 náírà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lórí irú àdéhùn yìí ní 1965, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, sọ pé bí ẹni tí ó gba ọkọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó rẹ̀, olówó kò gbọdọ̀ gba ọkọ̀ náà padà mọ́ láìpe ẹjọ́. Bí ó bá fi agbára gbà á, àdéhùn parí, gbèsè tí ó kù di òfo, onígbèsè sì lè gba gbogbo owó tí ó ti san padà. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó Lágbájá jẹ́ 2,160,000 náírà. Ní òtítọ́, ó ti kọjá ààlà náà. Nínú ìwé akọ̀wé, kò tíì dé ibẹ̀. Kálámù tí ó fo ìlà méjì ti wó ọgbà tí òfin mọ yí i ká.

Kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a bínú, wọn a ní àwọn kò san kọ́bọ̀ mọ́ títí ìwé yóò fi tọ́. Èyí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Òfin kan náà fún olówó láyè láti gbé ọkọ̀ pamọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí, bí owó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀. Oṣù méjì ti di gbèsè nínú ìwé. Ìbínú oṣù kan yóò sọ ọ́ di mẹ́ta. Kí ó máa san owó rẹ̀ lọ, kí ó kó rìsíìtì jọ, kí ó sì kọ lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹ̀dà. Kí ẹni tí ó gba lẹ́tà náà fi ọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá fi ìwé béèrè àkọsílẹ̀ iye tí ó ti san àti iye tí ó kù, ọjọ́ 14 ni òfin fún olówó láti fi í ránṣẹ́.

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀. Olówó lè gbàgbé láti kọ iye tí à bá ra ọjà náà bí a bá san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ó má fún onígbèsè ní ẹ̀dà àdéhùn láàárín ọjọ́ 14. Àwọn kan a máa yọ̀ sí èyí pé gbèsè ti kú. Kí wọ́n má yára jó: ilé-ẹjọ́ lè fojú fo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá pa onígbèsè lára.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àṣìṣe a máa ṣe onígbèsè ní àǹfààní. Bí akọ̀wé bá kọ owó Làkáṣègbè sí orúkọ Lágbájá, tí Lágbájá sì dákẹ́, kì í ṣe olówó ni ó rẹ́ jẹ. Awakọ̀ bíi tirẹ̀ ni a óò gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀.

Bí olówó bá kọ etí ikún sí lẹ́tà, ọ̀nà kò tíì dí. Òfin 2018 dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìfowópamọ́ ni ó yáni lówó, tí wọn kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, a lè gbé ẹ̀sùn lọ sí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ ni ó gbẹ̀yìn, ẹ̀dà lẹ́tà tí akọ̀wé fọwọ́ sí àti rìsíìtì oṣù méjì náà ni adájọ́ yóò sì kọ́kọ́ béèrè.