Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Switch fún Ilé Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ní ilé iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ọ̀gá rán pé kí ẹ lọ ra switch tuntun fún ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Oníṣòwò mẹ́ta á kọ iye owó ránṣẹ́. Ti Cisco á gbówó lórí, ti Aruba á tẹ̀ lé e, ti TP-Link tàbí MikroTik kò ní wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ní ihò 24, gbogbo wọn ní ìyára gigabit. Ẹni tó ń wo ìwé náà á ní, ṣebí nǹkan kan náà ni, kí la fẹ́ fi owó gọbọi ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ohun tó ya switch kan sọ́tọ̀ sí èkejì kò hàn lójú rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò ṣì máa ṣe fún yín ní ọdún márùn-ún sí i ni kí ẹ fi wéra.

Inú switch ni gbogbo wáyà ọ́fíìsì ń wọ̀: ti kọ̀ǹpútà, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti kámẹ́rà, ti fóònù orí tábìlì, ti ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi. Bó bá dákẹ́, gbogbo wọn dákẹ́ pọ̀ ni. Oníbàárà á tò sórí ìlà, akápò kò ní lè ṣí ìwé ìṣirò, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ní rí ohunkóhun lójú kámẹ́rà. Ìṣẹ́jú tí ọjà fi dúró báyìí ní ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ẹ̀dínwó tí ẹ gbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù fún yín ni ayédèrú. Ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n rán ọkùnrin kan tó ń gbé ní Florida, Onur Aksoy, lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà àbọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó dá ilé iṣẹ́ tó tó 19 sílẹ̀, ó ṣí ìsọ̀ lórí Amazon àti eBay, ó sì ń ta ayédèrú ẹ̀rọ Cisco tó ń kó wọlé láti China àti Hong Kong. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wá ẹ̀rọ àlòkù tí kò níye lórí, wọ́n á tún un tò kó lè jọ èyí tó gbówó lórí, wọ́n á kó sọ́fítíwíà tí wọ́n jí sínú rẹ̀, wọ́n á sì ki ẹ̀yà kékeré kan bọ inú rẹ̀ tí yóò máa tan àyẹ̀wò láísẹ́ńsì jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ àmì Cisco mọ́ ọn, wọ́n á dì í sínú páálí tuntun. Àwọn tó rà á kì í ṣe aláìlajú: ilé ìwòsàn wà nínú wọn, ilé ìwé wà nínú wọn, ọjà náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá. Bí ọwọ́ irú wọn bá lè ba ayédèrú láìmọ̀, kò sí ìtìjú nínú kí èmi àti ẹ̀yin yẹ ọjà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ ayédèrú kì í sábà kú lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó burú. Ní 2020, àwọn olùṣèwádìí ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà F-Secure ní Finland gbé ìròyìn jáde lórí switch méjì kan tí wọ́n tà fún ilé iṣẹ́ kan lórúkọ Catalyst 2960-X ti Cisco. Iṣẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí wọ́n fi sọ́fítíwíà tuntun sí wọn ni wọ́n dákẹ́, àṣírí sì tú. Àwọn olùṣèwádìí náà kò rí ọ̀nà ẹ̀yìn fún olè nínú wọn, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ ro ohun tó túmọ̀ sí fún oní-ọ́fíìsì: ẹni tí ayédèrú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe àtúnṣe sọ́fítíwíà láìjẹ́ pé ẹ̀rọ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bí kò bá sì ṣe àtúnṣe, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni ibi.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba nọ́ńbà serial tó wà lára ẹ̀rọ náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí aṣojú rẹ̀ tó ní àṣẹ, kí wọ́n sọ fún yín bóyá tiwọn ni àti bóyá wáráǹtì ṣì wà lórí rẹ̀. Bí oníṣòwò bá ní òun kò ní fún yín ní nọ́ńbà náà àfi bí owó bá ti wọlé, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mi ò sọ pé àwọn tó ń tajà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tigbà, ní Ìkẹjà, ń ta ayédèrú o. Àwọn tó ń fi òótọ́ inú ṣòwò pọ̀ níbẹ̀, mo sì mọyì wọn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ náà lè ra ayédèrú lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìmọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ìsọ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà serial lórí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “ẹ lọ ná, mo wà ńbí” dípò rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò ní sọ pé kí ẹ má rà á láé, mo mọ bí ọjà ṣe le. Ojúlówó tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń tọ́jú sàn ju ayédèrú tó wà nínú páálí tuntun lọ. Kí ẹ ṣáà béèrè ọjọ́ tí ìtọ́jú náà máa dópin. Catalyst 2960-X tí mo dárúkọ lókè yìí, Cisco ti dẹ́kun títa rẹ̀ láti ìparí oṣù Kẹwàá 2022, ọjọ́ tí wọ́n dá fún òpin ìtọ́jú rẹ̀ sì ni ìparí oṣù Kẹwàá 2027. Ẹ má sì gbọ́kàn lé wáráǹtì títí ayé tí Cisco àti Aruba ń ṣe lórí ọ̀pọ̀ switch wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló ni ìlérí yẹn, kì í bá ẹ̀rọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó.

Kí ló kan yín nínú ìtọ́jú? Ní oṣù Kẹta 2018, Cisco gbé àtúnṣe jáde fún àléébù kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Smart Install, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ switch wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kan fi gba ojú Smart Install náà wọ switch ní Iran àti Rọ́ṣíà, tí wọ́n pa ètò inú wọn rẹ́, tí wọ́n sì fi àwòrán àsíá Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2025, FBI tún kìlọ̀ pé àwọn amí Rọ́ṣíà ṣì ń gba ojú àléébù 2018 yẹn wọlé, torí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, àti èyí tí kò ní àtúnṣe mọ́, ṣì wà káàkiri. Bí ìsọfúnni àwọn oníbàárà yín bá gba irú ojú bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ̀yin ni òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 máa bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ló ń tan ènìyàn jẹ jù nínú ìfiwéra iye owó. Meraki, tí Cisco rà ní 2012, rọrùn láti máa darí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni ẹ máa fi wé. Lábẹ́ ètò láísẹ́ńsì rẹ̀ tó ti wà tipẹ́, bí èyí tí ẹ san bá tán tí ẹ kò san òmíràn, 30 ọjọ́ ni wọ́n á fi ṣe sùúrù fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, switch tí ẹ fi owó ara yín rà kò ní gbé ohunkóhun kọjá mọ́. Ubiquiti kì í gba láísẹ́ńsì lórí switch UniFi rẹ̀. MikroTik, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ Latvia, máa ń ta ẹ̀rọ pẹ̀lú láísẹ́ńsì nínú. Aruba wà láàárín: ẹ lè darí switch rẹ̀ láìsan owó ọdọọdún, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ máa darí rẹ̀ láti orí Aruba Central, ẹ máa sanwó. Kí ẹ sì má gbàgbé pé dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báǹkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ ṣírò ọdún márùn-ún pọ̀, iye switch àti iye láísẹ́ńsì, kí ẹ tó sọ pé èyí ni kò wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wáyà kan náà máa gbé iná lọ fún kámẹ́rà àti Wi-Fi, ìyẹn PoE, ẹ má ka ihò, watts ni kí ẹ kà. Ìlànà 2003 fún ihò kọ̀ọ̀kan ní 15.4 watts, ti 2009 ní 30, ti 2018 lè dé 90. Ṣùgbọ́n àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ihò ti ń mú un. USW-Lite-16-PoE ti Ubiquiti ní ihò 16. Mẹ́jọ nínú wọn ló ń gbé iná, 45 watts sì ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ẹ̀rọ Wi-Fi mẹ́ta tó ń jẹ 15 watts ti jẹ ẹ́ tán. Switch oníhò 24 tó ní 370 watts pàápàá, bí gbogbo ihò bá béèrè 30, méjìlá péré ló lè dá lóhùn. Ibi tó dùn mí jù ni ti kámẹ́rà alẹ́. Lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná infrared inú kámẹ́rà tàn, iná tó ń jẹ á pọ̀ sí i, àpò á tán, kámẹ́rà kan tàbí méjì á sì kú ní wákàtí tí ẹ nílò wọn jù. Ẹ kọ iye watts tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ nígbà tó bá jẹ ẹ́ jù lọ, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ bi oní-inverter yín bóyá ó lè gbé e pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà láti ọ̀dọ̀ Ubiquiti àti MikroTik, pàápàá àwọn ti àtijọ́, tí kì í béèrè kí wọ́n tó ti iná sí wáyà. Ẹ má ki wáyà ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn bọ ihò wọn láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jó o.

Ọ̀pọ̀ yín ní switch kan tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn kún un. Kò léèwọ̀, àwọn ìlànà IEEE, ẹgbẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ, wà tí gbogbo wọn gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fúnra yín. Ohun tí Cisco ń pè ní trunk, ihò kan tó ń gbé oríṣiríṣi VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kọ́ ni switch HP àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ihò mélòó kan tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ni trunk tiwọn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè pa apá kan ọ́fíìsì. Spanning tree náà wà níbẹ̀, ìyẹn ètò tó ń dènà kí ìsọfúnni máa yípo láìdúró nígbà tí wáyà bá so switch pọ̀ lọ́nà méjì. Cisco ní irú tirẹ̀, PVST+. Ẹ ní kí ẹnjiníà fi gbogbo wọn sórí MSTP tó jẹ́ ti IEEE, kó sì yan switch tí yóò jẹ́ olórí. Ní oṣù Kọkànlá 2002, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn Beth Israel Deaconess ní Boston gbòòrò kọjá ohun tí spanning tree lè gbé. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn dókítà fi padà sórí ìwé àti bírò. Ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn o. Nínú ọ́fíìsì kékeré, switch olówó pọ́ọ́kú tí ẹnì kan rà sábẹ́ tábìlì ló máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ètò yìí rárá. Ẹni tó bá ṣèèṣì ki orí wáyà kan méjèèjì bọ ihò méjì nínú rẹ̀ lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ẹ wo ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tó ṣe é pẹ̀lú. Nortel ti Canada lókìkí nígbà kan, ní oṣù Kìíní 2009 ó sá lọ sílé ẹjọ́ torí gbèsè. Avaya ra ẹ̀ka tó ń ṣe switch, ní 2017 òun náà tà á fún Extreme. HPE, tó ni Aruba, náà parí rírà Juniper tó ń ṣe switch ní oṣù Keje 2025. Ẹni tó bá ń gbèrò Juniper tàbí Aruba báyìí, kó béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn irú èyí tí wọ́n máa tọ́jú pẹ́ jù, kó sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ọ́fíìsì ènìyàn 20 tí kò ní ẹnjiníà tirẹ̀, ojúlówó UniFi tàbí TP-Link Omada tuntun ni mo máa fọwọ́ sí fún un, ju Catalyst tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá lọ. Ilé ìwòsàn, báǹkì àdúgbò, tàbí ilé iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ fún wákàtí kan, kí wọ́n san owó Cisco, Aruba tàbí Juniper pẹ̀lú àdéhùn ìtọ́jú, kí wọ́n sì ra ọ̀kan sílẹ̀ sí ìpamọ́. Bí ẹ bá wà ní Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní ìlú yín kí ẹ tó yan irú èyí tí ẹ máa rà. Ẹ so switch náà mọ́ ẹ̀rọ adáàbòbò iná, kí wáyà ilẹ̀ sì wà, torí bí iná bá dé pẹ̀lú agbára, kì í bi ẹ̀rọ léèrè orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ẹ má tíì san owó ìparí. Kí ẹnjiníà kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó bá ẹ̀rọ wá padà, kó fi èyí tuntun lé yín lọ́wọ́, kó sì fún yín ní ẹ̀dà gbogbo ètò tó ṣe sínú rẹ̀ lórí flash tó jẹ́ tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yọ iná switch náà lójú yín, kó tún un tàn. Bí kámẹ́rà, fóònù àti Wi-Fi kò bá padà fúnra wọn, kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà, iná tó bá lọ lálẹ́ yìí sì máa nù ún kúrò. Kó ṣe é kó tó kúrò níwájú yín.