Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÈTÒ TÓ Ń BÉÈRÈ ÒJÒ

Python jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè kọ ètò kékeré pé: "Bí òjò yóò bá rọ̀, sọ pé: Ẹ má sá èlùbọ́ lónìí."

Níbo ni kọ̀ǹpútà yóò ti mọ̀? Bí ọmọ náà bá fọwọ́ kọ "kò sí òjò" sínú ètò, ohun tí yóò máa sọ lójoojúmọ́ nìyẹn, bí ọ̀wààrà òjò tilẹ̀ ń bọ̀.

Nítorí náà, à ń jẹ́ kí ètò náà lọ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ Open-Meteo. Nọ́ńbà méjì ni yóò fi júwe ibi tí a wà. Ti Ìbàdàn sún mọ́ 7.4 àti 3.9. Èsì yóò sọ bí òjò yóò ṣe pọ̀ tó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí i o! Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, èsì àná lè wà lójú kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò náà máa kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ èsì. Bí kò bá rí èsì, kí ó sọ pé: "Mi ò rí èsì." Ìyẹn sàn ju irọ́ tí yóò ba èlùbọ́ jẹ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ èsì?