Àbúrò mi, tí o bá fẹ́ máa fi eyín dá èèyàn mọ̀

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ń wá iṣẹ́ tó pa ìtọ́jú eyín pọ̀ mọ́ ìwádìí ọlọ́pàá, pé àwọn kan ní Ọ̀sí sì ti ń sọ fún ọ pé inú fíìmù nìkan nirú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Má bá wọn jiyàn. Fara balẹ̀ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, ibi tó tẹ́jú àti ibi tó ní kòtò.

Iṣẹ́ náà wà, forensic odontology ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tó le tó ìpele òde eyín nínú gbogbo ara èèyàn. Iná lè jó awọ àti ẹran kó fi eyín sílẹ̀. Òkú lè pẹ́ nínú omi títí tí ìyá tó bí i kò fi ní lè mọ ojú rẹ̀, síbẹ̀ eyín á wà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí Interpol fi ka eyín mọ́ ìtẹ̀ka àti DNA, pé ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti fi mọ ẹni tó kú nínú àjálù. Nígbà tí iná ṣọṣẹ́ níbi ọjà àánú kan ní Paris ní 1897, tí ó pa èèyàn 126, àwọn dókítà eyín ni wọ́n ké sí láti wá wo àwọn òkú tí ẹbí kò dá mọ̀ mọ́. Ọmọ Cuba kan tó ń ṣiṣẹ́ eyín níbẹ̀, Oscar Amoëdo, kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ náà lórí lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n wo ilé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2012, bàálù ilé-iṣẹ́ Dana Air já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá, l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó sì pa àwọn mìíràn nílẹ̀. Iná jó ọ̀pọ̀ wọn kọjá ohun tí ojú lè dá mọ̀. DNA ni wọ́n gbára lé, òkè òkun ni wọ́n sì fi àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí, tí àwọn ẹbí fi ń dúró. O mọ ohun tí ìdúró yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tí ọmọ Ìlọ́fà bá kú l'Ékòó, ilé ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Ta ló fẹ́ sin òkú olóòkú sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀?

Tí àkọsílẹ̀ eyín bá wà, dókítà eyín lè parí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀: èyí tí wọ́n yọ, èyí tí wọ́n dí, bí gbòǹgbò ṣe tẹ̀ nínú X-ray. Ohun tí mo fẹ́ kí o di mú nìyí o, ju gbogbo èyí tó kù lọ: káàdì alààyè ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mọ́ṣúárì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í rí dókítà eyín àfi lọ́jọ́ tí ìrora ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kọ ìlà kan sórí káàdì, ó parí. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ìlà kan ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Nítorí náà, dókítà tó bá ya àwòrán gbogbo eyín aláìsàn rẹ̀ dáadáa, tó sì tọ́jú rẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ná.

Ohun kan wà tó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí káàdì rárá, fọ́tò ẹ̀rín lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwa tí a kì í ṣe ayẹyẹ láì ya fọ́tò, tí a ń fi èjí ṣe ẹwà! Èjí, eyín tó gun ara wọn, eyín iwájú tó kán létí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè fi wé ti òkú.

Ó yá, ọ̀nà rẹ̀. Kò sí yíyà bàrá: wàá kọ́kọ́ di dókítà eyín. Nínú WAEC, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ kírẹ́díìtì. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Benin àti Ìdí-Àràbà tí í ṣe ti Yunifásítì Èkó wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà ni, tí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Lẹ́yìn náà ni house job ọdún kan, kí MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, tó fún ọ ní ìwé kíkún, kí o tó lọ sin ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka tó sún mọ́ ọn jù nílé ni oral pathology, lábẹ́ National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Surgeons. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí forensic odontology gan-an sábà máa ń jáde: Dundee ní Scotland àti Leuven ní Belgium ń kọ́ ọ. Owó wọn kò kéré, torí náà tètè máa wá sìkọ́láṣíìpù.

Má rò pé òkú nìkan ni. Eyín máa ń sọ ọjọ́ orí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ni kóòtù fẹ́ ṣe nígbà tí ọlọ́pàá bá kọ 20, tí ìyá ní 15 ni, tí kò sí ìwé ìbí? X-ray á fi hàn ibi tí gbòǹgbò eyín ọgbọ́n dàgbà dé. Àwọn ọmọ wa sì nílò ìwádìí tiwọn, torí eyín wọn sábà máa ń tètè yọ ju ti ọmọ Yúróòpù lọ.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ kí o ṣọ́ra fún ni ojú eyín lára ẹni tí wọ́n bù jẹ. Ní Arizona, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ray Krone lẹ́jọ́ ikú ní 1992. Ọdún 2002 ni DNA tó dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá pè ọ́ sí kóòtù lọ́jọ́ kan láti sọ pé eyín lágbájá ló bu ẹni yìí jẹ, rántí ọkùnrin yẹn, kí o sì ní ìgboyà láti sọ pé o kò lè búra.

Ní ti owó, mi ò ní tàn ọ́. Nílé níbí, owó ìtọ́jú alààyè àti owó olùkọ́ yunifásítì ni wàá máa jẹ. Iṣẹ́ òkú á máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò ka ìyẹn sí àbùkù. Ọkàn èèyàn kì í gba òkú lójoojúmọ́, ó sì dára kí ọmọdé tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ wà níwájú rẹ lọ́jọ́ kejì.

Kí ọlidé yìí tó parí, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí yín. Béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí o wo bí dókítà eyín ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o wo ohun tó ń kọ sórí káàdì. Tí JAMB bá sì ti ṣí fọ́ọ̀mù, pè mí kí o tó yan yunifásítì.