Ẹ̀RỌ GÉÈMÙ TÍ WỌ́N LÉ KÚRÒ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ: OHUN-ÌNÍ, ÀDÉHÙN ÀTI Ẹ̀TÀN



Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá léèrè lẹ́yìn kéwú, tí ọ̀pọ̀ àgbà sì rò pé eré lásán ni. Ìbéèrè náà ni pé: “Alfa, èmi ni mo fi owó mi ra ẹ̀rọ géèmù. Mo yí inú rẹ̀ padà bó ṣe wù mí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá lé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá dá ọgbọ́n tí yóò fi padà wọlé?” Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun-ìní wà nínú rẹ̀, àdéhùn wà nínú rẹ̀, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. KÍ NI WỌ́N Ń YÍ PADÀ?

Xbox, PlayStation àti Nintendo Switch jẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Géèmù tí ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn a máa wá ọ̀nà láti ṣí ilẹ̀kùn náà. Lórí Xbox 360 tó jáde ní 2005, àwọn kan yí ètò tó ń darí ibi tí à ń ki díìsì sí padà, kí ó lè máa pe díìsì àdàkọ ní ojúlówó. Lórí Switch, àléébù kan nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí àwọn olùwádìí kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Inú irin rẹ̀ gan-an ni àléébù yìí wà, nítorí náà Nintendo kò lè ti ọ̀nà jíjìn tún un ṣe lórí àwọn tí wọ́n ti tà.

Ohun tí olúkúlùkù ń fi ẹ̀rọ tó ti ṣí ṣe kò dọ́gba. Ẹnì kan fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe géèmù tirẹ̀. Ẹnì kejì fẹ́ ní ẹ̀dà géèmù tó fowó rà, kí ti ọwọ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹnì kẹta fẹ́ máa jẹ̀gbádùn géèmù tí kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ẹnì kẹrin fẹ́ máa fi màgòmágó borí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ìdájọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

2. BÍ WỌ́N ṢE Ń LÉ E

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá fẹ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà, ìwé ẹ̀rí yìí ni yóò fi hàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti yí inú rẹ̀ padà, wọn yóò kọ nọ́ńbà náà sára àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ẹ̀rọ ni wọ́n lé. Bí olówó rẹ̀ bá tà á, ìdè náà yóò bá a dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí géèmù Call of Duty: Modern Warfare 2 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, Microsoft lé Xbox 360 púpọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn oníròyìn nígbà náà fojú bù ú pé ó lè tó 600,000. Nintendo gbé Switch 2 jáde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2025. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti lé àwọn tó ki káàdì àdàkọ MIG Switch bọ inú rẹ̀, títí kan àwọn tó sọ pé ẹ̀dà géèmù tí àwọn fowó rà ni àwọn fi sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún?

3. BÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN ṢE Ń YẸ ÌDÈ NÁÀ SÍLẸ̀

A kò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀nà kìíní ni pé wọn a fi ìyípadà náà pamọ́, kí ẹ̀rọ lè sọ lẹ́nu ọ̀nà pé òun kò ní àbàwọ́n. Ọ̀nà kejì ni pé wọn a mú ìwé ẹ̀rí inú ẹ̀rọ mìíràn, wọn a fi sínú èyí tí wọ́n ti lé. Lórí Xbox 360, títà àti rírà ni wọ́n ń ṣe sí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Bí àṣírí bá tú, ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọn yóò tì pa, ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ni ín yóò sì bá a lọ. Ọ̀nà kẹta kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá: wọn a nu ẹ̀rọ náà dán, wọn a tà á fún ẹni tí kò mọ̀, wọn a sì fi owó rẹ̀ ra òmíràn.

4. KÍ NI ÌDÁJỌ́ RẸ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ tí o fowó rà, tìrẹ ni. Ìpìlẹ̀ nǹkan ni pé ó tọ́, àfi èyí tí ẹ̀rí bá kọ̀. A kò lè pe ẹni tó tú ẹ̀rọ ara rẹ̀ wò láti kọ́ iṣẹ́ ní olè. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ òfin ìlú tí a ń gbé. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998 àti òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà ti 2022 sọ̀rọ̀ tako jíjá ààbò tí wọ́n fi ṣọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, géèmù jẹ́ làálàá ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó ní Kuwait ní oṣù kejìlá ọdún 1988, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé àti ti ẹni tó ṣe àwárí jẹ́ ohun-ìní tí Sharia dáàbò bò, tí kò tọ́ kí á fi ọwọ́ pa lójú. Ẹni kẹta tí a sọ lókè yẹn, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti há.

Lẹ́ẹ̀kẹta, àdéhùn. Ẹ̀rọ jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe tìrẹ. Gbígbà ni o gba àdéhùn wọn kí o tó wọlé. Súrátù Máídà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n lé kúrò ní gáréèjì. Onímọ́tò lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn tó wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá lọ yọ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíràn, tó kàn án mọ́ tirẹ̀ kí ó lè padà wọ gáréèjì, ṣé a ṣì lè sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ń tún ṣe? Irọ́ ló ń pa. Ohun tí ọ̀nà kìíní àti ìkejì jẹ́ gan-an nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, títa ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò mọ̀. Èyí ló burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń dùn, ẹni tó fi oṣù mẹ́fà tu owó jọ ni. Ẹ rántí ìtàn Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ọjà: ó ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn kì í ṣe ara òun. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lé, tí a nu ara rẹ̀ dán, oúnjẹ tútù lábẹ́ gbígbẹ ni.

5. BÍ ILÉ-IṢẸ́ NÁÀ BÁ ṢÀBÒSÍ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò ní ilé-iṣẹ́ náà kì í mú àdéhùn ṣẹ. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Sony gbé PlayStation 3 jáde ní 2006, ẹni tó rà á lè fi ètò Linux sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà tilẹ̀ so 1,760 irú rẹ̀ pọ̀ di kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010, Sony yọ àǹfààní yìí kúrò; ẹni tó bá kọ̀ kò ní lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì wọn mọ́. Àwọn oníbàárà pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì parí ní 2018 pẹ̀lú owó 3.75 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àdéhùn de tọ̀tún-tòsì. Àbòsí ẹnì kan kò sọ irọ́ ẹnì kejì di òótọ́; ojú ọ̀nà tí a lè gbà bèèrè ẹ̀tọ́ ni kí á gbà. Ní 2025, ìròyìn gbé ẹnì kan tó ra géèmù Switch àlòkù jáde. Nintendo lé ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rí ohun tó rà ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì dá a padà. Òtítọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn náà.

6. ÌMỌ̀RÀN

(a) Bí o bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, yálà ní Ìkẹjà tàbí Alábà, jẹ́ kí wọ́n tan án, kí wọ́n sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà lójú rẹ, kí o tó san owó.

(b) Bí wọ́n bá ti lé ẹ̀rọ rẹ, máa fi ṣeré nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fẹ́ tà á, sọ àléébù rẹ̀, kí o sì dín owó rẹ̀.

(c) Bí ìmọ̀ ni ò ń wá, ẹ̀rọ àtijọ́ tí kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí o máa tú.

(d) Bó bá dá ọ lójú pé wọ́n ṣì ọ́ mú ni, kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí o sì fi rìsíìtì rẹ sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Àwọn mẹ́rin wo ni a dárúkọ nínú apá kìíní, kí sì ni ìyàtọ̀ ìdájọ́ wọn?
2. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tí wọ́n ti lé, tí ìwọ sì mọ̀, kí ni ojúṣe rẹ sí ẹni tó fẹ́ rà á?
3. Ǹjẹ́ a lè rí irú ẹ̀tàn yìí nínú òwò fóònù àlòkù?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Kí Ọlọ́hun Ọba fi wá sínú àwọn tó ń mú àdéhùn ṣẹ, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ohun tí a fi òtítọ́ ní. Àmín.