Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Ya Ìwé Ìtàn Aláwòrán

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹnu àgbà tó ń bá ọmọ wí la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó bá a mu tó iṣẹ́ ẹni tó ń fi àwòrán pìtàn. Wò ó báyìí. Nínú àpótí àwòrán kìíní, ọkùnrin kan dúró ní Òṣòdì, ó ń ki owó bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, èrò sì há a mọ́ àárín. Nínú àpótí kejì, ọkùnrin yìí kan náà ti délé, ó fa àpò ṣòkòtò náà yọ síta, òfìfo ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò dání lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ta ló ya olè? Kò sẹ́ni tó yà á. Òǹkàwé ló yà á fúnra rẹ̀, ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín àpótí méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí olè tó yà sọ́kàn burú ju èyí tí ìwọ ìbá fi pẹ́ńsù yà lọ.

Àbúrò mi, ìwọ tó o ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sẹ́yìn ìwé iléèwé láti kékeré, tó o wá fẹ́ ya odidi ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọ kò ju pé kí o kọ́ bí a ti ń gé nǹkan kù. Gé ìtàn kù, gé ọ̀rọ̀ ẹnu kù, gé iye ojú ewé kù, títí yóò fi ku èyí tí ọwọ́ rẹ lè parí. Ọ̀pọ̀ ìwé àkọ́kọ́ ni kì í kú nítorí pé ẹni tó ń yà á kò mọ àwòrán yà. Wọ́n ń kú sójú ọ̀nà torí pé ẹrù ti ju orí lọ.

Ní kí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sọ ìtàn tí wọ́n fẹ́ yà fún ọ: ìjọba méje, ogun ọgọ́rùn-ún ọdún, Ṣàngó nínú ọkọ̀ òfurufú, apá kìíní nínú méjìlá. N kò bá Ṣàngó jà o. Ìṣirò ni mo fẹ́ kí a jọ ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú ewé kan, o ní láti fi pẹ́ńsù yà á, kí o fi tàdáwà tẹ̀lé e, kí o kọ ọ̀rọ̀ sí i, kí o nù ún mọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbà ọ́ ní ọjọ́ méjì péré, ojú ewé 120 yóò gba 240 ọjọ́. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn, láìsí àìsàn, láìsí òde ìnáwó, láìsí pé wọ́n mú iná lọ. Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lo ráyè nítorí iṣẹ́ oṣù, ó ti ń sún mọ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Art Spiegelman, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn aláwòrán rẹ̀, Maus, jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní 1980. Kò parí rẹ̀ àfi ní 1991. Marjane Satrapi, ọmọ Ìránì tó ń gbé ní Faransé, pín Persepolis tirẹ̀ sí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ti àkọ́kọ́ jáde ní 2000, ìkẹrin ní 2003. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ìtàn ojú ewé mẹ́jọ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, tàbí mẹ́rìndínlógún bí ara rẹ bá le. Mo ní ìtàn o, n kò ní orí kìíní. Kí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó ní òpin, kí ẹni tó kà á tán má ṣe máa wo ẹ̀yìn ìwé bóyá ó kù. Ẹni tó ti parí ìtàn kékeré kan mọ ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ńlá mẹ́wàá kò mọ̀.

Ibo ni ìtàn bẹ́ẹ̀ wà? Ó wà ní àdúgbò rẹ. Wo Marguerite Abouet, ọmọ Abidjan tó kó lọ sí Faransé nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ kọ ìtàn, kò wá ìjọba méje lọ. Yopougon ló padà sí, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Aya, ọmọbìnrin inú ìtàn rẹ̀, fẹ́ di dókítà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Adjoua àti Bintou, fẹ́ gbádùn ara wọn. Àwọn bàbá ń pariwo, àwọn ọmọkùnrin ń tan ni, àwọn ìyá ń gbọ́, wọn ò dáhùn. Clément Oubrerie ló ya àwòrán rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 2005, nígbà tó di 2006 ó gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní Angoulême, níbi tí àwọn ayàwòrán ayé ń péjọ sí. Ilé tiwa, tí ayálégbé mẹ́wàá ń lo ilé ìwẹ̀ kan, kò ṣaláìní ìtàn ju Yopougon lọ.

Ẹni tó mọ àwòrán ẹ̀fẹ̀ ojú kan yà lè rò pé ìwé kò ju kí a to irú rẹ̀ ọgọ́rùn-ún pọ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ń kọ Lash sábẹ́ àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, fi àwòrán ojú kan gún ìjọba amúnisìn lára débi tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ọ̀la, ẹlòmíràn ni. Nínú ìwé, ẹnì kan náà ni yóò sunkún ní ojú ewé 9, tí yóò sùn ní ojú ewé 30, tí a óò wò látẹ̀yìn, látòkè àjà, nínú òkùnkùn, òǹkàwé kò sì gbọdọ̀ béèrè pé ta nìyí. Torí náà, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ya olúkúlùkù wọn lójú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín àti nígbà tí ebi ń pa á, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú rẹ. Lẹ́yìn èyí, kùn wọ́n ní dúdú látòkè délẹ̀ bí òjìji. Bí a kò bá dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, tún irun, aṣọ tàbí ìdúró rẹ̀ ṣe. Wálé Adénúgà tó gbé ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ Ikebe Super jáde ní 1976 mọ èyí dáadáa. Papa Ajasco pẹ̀lú orí pípá rẹ̀ kúrò lórí bébà, ó wọ sinimá ní 1984, ó wọ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà, òṣèré tó ń ṣe é yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ Papa Ajasco ni.

Kí pẹ́ńsù tó kan bébà ńlá, ya gbogbo ìwé náà tán ní kékeré. Kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan má ju páálí ìṣáná lọ. Orí roboto àti igi mélòó kan ti tó fún ènìyàn. Àwọn ará Jàpáàn tó ń ya mángà kì í fi eléyìí ṣeré: irú àwòrán játijàti bẹ́ẹ̀ ni olóòtú wọn ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lọ ya gidi. Níbẹ̀ lo ti máa mọ ibi tí ọwọ́ òǹkàwé yóò ti ṣí ìwé. Ojú ewé 6 àti 7 ń kọjú síra wọn. Bí olè bá yọ ní 7, ojú ti rí i kí ẹni náà tó ka 6 tán. Ojú ewé 8 ni kí o fi olè sí, kí òǹkàwé ṣí i kó tó bá a pàdé.

Bí o bá ti to kékeré yìí tán, gbé e fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà rí, kí o sì pa ẹnu mọ́. Èyí gan-an ló le jù fún àwa tí à ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ti padà sẹ́yìn láti tún un wò, fi àmì sí i. Má ṣàlàyé nǹkan kan. O kò ní í bá ìwé lọ sílé ẹni tó bá rà á.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń kún àpótí àwòrán, ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà á ti ya ọjà, á ya ìyá olóúnjẹ, á ya agboòrùn àti gbogbo ṣíbí, kó tó wá rántí pé wọ́n ní láti sọ̀rọ̀. Níbo ni roboto tí ọ̀rọ̀ ń wà nínú rẹ̀ yóò dúró? Ó di orí ìyá olóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ sínú àpótí, kí o fa roboto yí i ká, kí o tó ya ènìyàn kankan. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí roboto tirẹ̀ wà lókè lápá òsì, torí ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Kí òun fúnra rẹ̀ sì dúró lápá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrù àwọn roboto á máa dábùú ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ inú roboto kan bá ti ju ogún lọ, tún un wò. Má sì jẹ́ kí ẹnu sọ ohun tí ojú ti rí. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú àwòrán, kí ló dé tí ẹnì kan tún ń wí pé òjò ń rọ̀?

Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, tí mo sì bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ ọ́ ní Yorùbá, wàhálà mìíràn ń dúró dè ọ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí à ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. O tẹ ọ̀rọ̀ tán, àpótí òfìfo ló jáde. Tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà, kó lọ dúró sáàárín méjì. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n tún sábà máa ń lò, bẹ́ẹ̀ Ẹ́ àti Ọ̀ ní nǹkan lórí, wọ́n ní nǹkan lábẹ́: àmì ohùn ìlà kejì á máa forí gbá àmì abẹ́ ìlà kìíní. Kí o tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kan, tẹ gbólóhùn tó ní gbogbo wọn sí i kí o wò ó. Bó bá kùnà, fọwọ́ kọ ọ́. Fi rúlà fa ìlà pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́, kí àyè àárín ìlà fẹ̀ ju ti àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí àyè bá wá há, má yọ àmì. Yọ ọ̀rọ̀.

Irú ìwé yìí kò kúkú ṣàjèjì sí wa. Láti 1967, fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ni ìwé àtìgbàdégbà Atọ́ka fi jáde, tí àwọn òṣèré tíátà Yorùbá ń ya fọ́tò eré wọn síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Bí o bá rí èyí tó ti pọ́n lẹ́yìn ọdún lọ́wọ́ àgbà kan, bẹ̀ ẹ́ kó yá ọ wò. Fọ́tò kì í mì, nítorí náà má wo ojú òṣèré nìkan. Wo èjìká, wo ìka ọwọ́, wo bí ẹsẹ̀ ṣe yà.

Ti ilé ìtẹ̀wé kò le. Lọ bá atẹ̀wé, ní Ṣómólú tàbí nítòsí rẹ, kí o tó ya ojú ewé kìíní. Iye ojú ewé ìwé tí wọ́n máa fi pín-ìnì dì láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìwé yóò bá jẹ́ A5, orí A4 ni kí o yà á, torí àwòrán tí a sún kì máa ń mọ́ sí i. Dúdú àti funfun kò náni tó aláràbarà; dúdú àti funfun ni Maus àti Persepolis. Ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan kí o wò ó kí wọ́n tó tẹ ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹlòmíràn bá ń bá ọ kọ ìtàn, tàbí ìwọ lò ń bá ẹlòmíràn yà á, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí inú yín ṣì dùn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà dáàbò bo àwòrán rẹ bí o bá ti yà á tán, bí o kò bá tilẹ̀ tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu sọ nídìí ọkà àti ọbẹ̀.

Mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni ojú rẹ ń wò. Roye Okupe, tí wọ́n tọ́ l'Ékòó kó tó lọ Amẹ́ríkà, fi ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gbé ìwé aláwòrán E.X.O. jáde ní 2015. Ọdún 2021 ni ilé ìtẹ̀wé Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rẹ̀. Iyanu, ìtàn Okupe tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, di eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nítorí náà, má tíì lọ yáwó ra tábúlẹ́ẹ̀tì. Bébà A4 méjì tí o ṣẹ́ po lágbedeméjì ti di ojú ewé mẹ́jọ. Kọ òpin ìtàn náà sí ojú ewé kẹjọ lálẹ́ òní, kí o wá máa wá ọ̀nà tí ti kìíní yóò gbà débẹ̀. Bí o bá parí rẹ̀, ṣe ẹ̀dà ogún ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì, kí o pín in fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí. Ẹni tó bá bi ọ́ pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀, gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.