Àwọn Kòkòrò Tí Ń Jẹ Epo Nínú Iyọ̀

Ní Igana, ní orílẹ̀-èdè Benin, tábìlì àwọn tó ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, kì í jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó wà lórí alùpùpù dúró, olùtajà ki àrọ bọ ẹnu táńkì, ó da epo sí i. Kí ó tó fa àrọ yọ, díẹ̀ ti kán sílẹ̀. Ilẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀, òórùn rẹ̀ gba imú.

Benzene wà lára ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ èyí tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Káábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló di ara wọn mú yípo bí òrùka. Òrùka yìí le; kì í tètè já.

Àmọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí kan mọ bí wọ́n ṣe ń já a. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ òrùka náà lára kó lè rọ̀, wọ́n á wá gé e, wọ́n á sì fi í ṣe oúnjẹ.

Ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí ni iṣẹ́ ti le jù. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ pa ẹja rí mọ̀ ọ́n: iyọ̀ a fa omi jáde, ohun tí ì bá mú ẹja rà kò ní rí omi lò. Bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ sábà máa ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin pàápàá wa epo rọ̀bì lójú òkun Sèmè láti 1982 di 1998.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ròyìn ohun tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ ibi ìwa-epo kan tí omi iyọ̀ ti bà jẹ́. Àwọn kòkòrò tí wọ́n mú nínú rẹ̀ sìn, Marinobacter ló pọ̀ jù láàárín wọn, jẹ benzene nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ. Ọ̀pọ̀ kòkòrò irú èyí ń kó èròjà kan tó ń jẹ́ ectoine jọ sínú ara, òun ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ fa omi wọn gbẹ. Nígbà tí kànga epo bú nínú òkun Mẹ́síkò ní 2010, ẹ̀yà mìíràn, Cycloclasticus, wà lára àwọn tó pọ̀ rẹpẹtẹ níbi tí epo náà dé.

Ilẹ̀ Igana kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò inú erùpẹ̀ lásán lè jẹ ìwọ̀nba tó kán. Ṣùgbọ́n bí epo bá rì lọ sísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, iṣẹ́ wọn a falẹ̀ gan-an, omi kànga sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ta kpayo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ àrọ, kí ẹ sì gbé tábìlì yín jìnnà sí kànga.