Lẹ́tà sí Táíwò lórí Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Tipà

Sí Táíwò, àbúrò ní Mowe,

Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí Táíwò mọ̀, kí ó tó kó owó fún mẹkáníìkì, ni pé ibi tí èéfín ti ń jò ni yóò sọ iye tí ó yẹ kí ó ná sórí ọkọ̀ tipà rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ̀ náà.

Èéfín ọkọ̀ máa ń gba inú mánífóòlù jáde, èyí tí í ṣe irin dídà tí wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ni yóò gba inú páìpù bọ́ sínú sàlẹ́ńsà, àpótí irin tí ó ń pa ariwo. Mercedes 911 bíi ti Táíwò kò ní àsẹ́ olówó ńlá tí àwọn ọkọ̀ òde òní fi ń fọ èéfín, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní ọjà Òwódé Onírin, nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba Táíwò.

Àtinú ni sàlẹ́ńsà ti ń jẹrà. Omi wà nínú èéfín, imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì a sì sọ omi náà di ásíìdì, àfi bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà tó tí ooru fi gbẹ ẹ́. Ọkọ̀ tí ó ń kó yanrìn láti Ibafo lọ sí àyíká Redemption Camp kì í rìn jìnnà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò tí ń lọ sí ìsìn Holy Ghost ní Redemption Camp bá dí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ojú kan náà ni yóò dúró sí tí yóò máa kùn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń tètè lu.

Ní òwúrọ̀, kí ẹnì kan fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣíná sí ọkọ̀: ibi tí ó bá ń dún ṣìì, tí èérí dúdú sì ti fa ilà sára irin, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Páìpù ẹ̀yìn kò le, wẹ́dà yóò jó o. Bí ó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ ni, rírà sàn ju lílẹ̀ lọ, nítorí pé ásíìdì ti jẹ irin tí wẹ́dà fẹ́ jó nǹkan mọ́. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi wáyà dè kì í ṣe àtúnṣe. Mánífóòlù tí ó bá sì là, ọ̀pá wẹ́dà lásán kò ràn án, yóò tún là ni, nítorí náà kí ó ra àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí ó pé, kí ó sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí èéfín bá sì ń yọ búlúù, ẹ́ńjìnnì ló ń mu ọ́ìlì. Kò sí sàlẹ́ńsà tí yóò wò ó sàn.

Kí Táíwò gbé owó àtúnṣe wò mọ́ ohun tí ọkọ̀ náà ń mú wọlé lóṣù, kì í ṣe mọ́ iye tí oníbàràǹdà yóò dá lé e. Bí ṣáásí bá ti jẹrà, kí ó má ná kọ́bọ̀ sí i.

Èyí tí a kò lè fi owó díyelé ni ewu carbon monoxide, gáàsì inú èéfín tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí rọ́bà jíà ti ya ni ó ń gbà wọ ibi ìjókòó awakọ̀, orí fífọ́ àti òòyì ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀, tí mọ́tò bọ́ì yóò fi rò pé àárẹ̀ lásán ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n bẹ Táíwò pé kí ó pààrọ̀ rọ́bà náà lónìí, kí ó má sì gbé tipà náà jáde mọ́ títí tí wọn yóò fi dí ibi tí ó ń jò.